Ẹni Tí Yóò Mú Un Relé

Obìnrin kan tó ń bá èèyàn fọ ara ní ilé ìwẹ̀ kan ní Busan, ní ilẹ̀ Kòríà, kò rí ẹni mú un relé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ oníná dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn.

"Ìyá, ta ló tẹ̀ lé yín wá?" nọ́ọ̀sì bi í. "Tẹ́ ẹ bá gba oògùn oorun, ẹ ò lè dá lọ sílé."

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyáàfin Gwak wọlé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni obìnrin yìí ń bá Gwak fọ ẹ̀yìn nílé ìwẹ̀, ó sì mọ ibi tí àpá iṣẹ́ abẹ wà níkùn rẹ̀. "Àbúrò mi àtàtà" ni Gwak máa ń pè é níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí délé lónìí."

Gwak wò ó láti orí dé bàtà. Kò rí i pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn rí, àfi nínú ilé ìwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ti wọṣọ.

"Ẹ má bínú o, níbo la ti mọra?"

Obìnrin náà fẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó wá rántí pé Gwak kò bi í rí.

"Mo ṣì yín mú ni," ó ní. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ má fún mi lóògùn oorun mọ́."

"Ẹsẹ̀ méjèèjì mà ni, ìyá! Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán. Gbogbo abẹ́rẹ́ ló mọ̀ lára, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì dì mú.