Télọ̀ Tó Fi Téèpù Wọn Ọkàn

Àléébù kan ṣoṣo ni télọ̀ àdúgbò wa ní: ó gbà pé ohun tí téèpù òun kò bá lè wọ̀n, kò sí láyé. Òun fúnra rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ìyẹn ló sì ń gùn ún gàràgàrà. Bó bá ti yí téèpù ká ìbàdí oníbàárà tó sanra, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Hẹn-ẹn! Àrùn ọkàn ti rí ilé wọ̀ sí o." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.

Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Àgbá, nítorí pé ó sanra.

Lọ́jọ́ kan, àwọn nọ́ọ̀sì gbé tábìlì síta láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Télọ̀ fa téèpù yọ, ó ń to èèyàn: ọlọ́ràá síwájú, pẹ́lẹ́ńgẹ́ sẹ́yìn. Òun kò jókòó rárá.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹ wá jókòó."

Ìyàwó rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́. "Baba ọmọ mi, ṣebí àrùn ọkàn ló pa bàbá yín, òun náà ló dá ẹ̀gbọ́n yín dúbúlẹ̀. Ẹ tún ń fa sìgá, ẹnu yín ń rú bí ààrò."

"Gba téèpù, wọn ìbàdí mi," ni télọ̀ wí. "Ọgbọ̀n íńsì! Ibo ni àrùn fẹ́ gbà wọlé?" Ó tanná sí sìgá mìíràn, ó padà sídìí ẹ̀rọ tó máa ń jókòó tì látàárọ̀ dalẹ́.

Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára Àgbá. Kò jiyàn. Ó ń lo oògùn, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, tí télọ̀ ń pariwo pé, "Àgbá ń yí lọ o!" Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, Àgbá wá kí wọ́n bá òun dín ìbàdí sòkòtò kù. Télọ̀ yí téèpù ká a. Kó tó la ẹnu ṣẹ̀fẹ̀, àyà fún un pinpin, òógùn bò ó, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àgbá kò bi ẹnikẹ́ni, ó gbé e pọ̀n, ó sáré dé ilé ìwòsàn, téèpù ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lajú, dókítà bi í pé, "Ta ló ti ní àrùn ọkàn nínú ẹbí yín?"

"Bàbá mi. Àti ẹ̀gbọ́n mi."

"Sìgá ńkọ́?"

Télọ̀ wojú ìyàwó rẹ̀ tó ti sáré dé.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

"Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ṣùgbọ́n dókítà, ọgbọ̀n íńsì péré ni mí o!"

Dókítà mi orí. "Bàbá, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìbàdí gbogbo ayé lẹ wò, ẹ ò wo ilé yín."

Télọ̀ kò kú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Bó bá tẹ ẹ̀rọ díẹ̀, yóò máa mí hẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ránṣọ báyìí. Télọ̀ wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láràárọ̀ ni Àgbá ń na ọwọ́ sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ó di ìdí òpó iná." Wọ́n á rìn débẹ̀, télọ̀ á sì wá ibi jókòó sí. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òpó yẹn, ogójì ẹsẹ̀ bàtà ni. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò sọ pé sísanra kò léwu; ó léwu, Àgbá náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn ọkàn ti bá ẹbí rẹ̀ jà, ẹni tó ń fa sìgá, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ti ń dàgbà, ẹni tó ń fi ìjókòó ṣiṣẹ́, ewu tiwọn pọ̀, wọn ì báà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Kí o tó fi ìbàdí ẹlòmíràn ṣẹ̀fẹ̀, lọ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tó pa àwọn tó ti lọ, kí o sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹ ọ́ wò.