Wúfà Gafar àti Igi Ìgbálẹ̀ Margaret

Lọ́jọ́ tí Gafar àti Medinat ìyàwó rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Thamesmead ní London, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni onílé, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ́lá, tẹnu mọ́.

"Margaret, ìyá òyìnbó tó wà nísàlẹ̀ yín yẹn, kì í pe fóònù o. Ìwé ló máa ń kọ. Omi jò sí i lórí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà rẹ̀ ló lé tenant tó wà níbí kẹ́yìn. Tí mo bá tún gba lẹ́tà ẹyọ kan, mi ò ní renew fún yín."

"Ẹ ò ní gbà á, Daddy," Gafar dáhùn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Gafar. Nígbà tí ìjọba kó wọn kúrò ní Morris Walk kí wọ́n lè wó àwọn ilé ibẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko ni òun, Medinat àti Amirah ọmọ wọn fi sùn sílẹ̀ ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Plumstead. Kò sí ẹni tó fẹ́ padà síbẹ̀ nínú wọn.

Ohun kan ló rà fún ìgbádùn ara rẹ̀ nínú ilé tuntun náà: sípíkà kéékèèké márùn-ún àti wúfà ńlá kan tó gbé sí igun pálọ̀. Bó ṣe bá a nínú páálí ló ṣe lò ó ní ọ̀sẹ̀ kìíní, crossover rẹ̀ wà ní ọgọ́fà. Nọ́ńbà yìí ni ẹ̀rọ fi ń pín iṣẹ́. Ohùn tó bá rẹlẹ̀ jù ú lọ, wúfà ni yóò gbé e. Èyí tó bá ga jù ú lọ, ó di ti àwọn kéékèèké. Ọ̀sẹ̀ náà lọ ní ìrọ̀rùn, àfi pé gbogbo ọkùnrin inú fíìmù ló ń sọ̀rọ̀ láti igun yàrá bí ẹni tó wà nínú àgbá.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, Gafar fà á wálẹ̀ sí ọgọ́rin. Ohùn àwọn ọkùnrin náà padà sí ẹnu wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gún àjà nísàlẹ̀. Gbì, gbì, gbì.

"Margaret nìyẹn," Medinat wí.

"Aago méje ìrọ̀lẹ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ reduce ẹ̀ ni!"

Lọ́jọ́ kejì, ó pàdé ìyá náà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Gafar kì í ṣe ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. Ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọlúàbí kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ó tẹrí ba, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Good morning, ma." Ìyá náà kọjá lára rẹ̀ láìdáhùn. Gafar tún kí i láti ẹ̀yìn, sókè dáadáa. Ìyá náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó dùn ún wọra. Ká kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì kó má jẹ́, kí la fi ṣe é?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gé e sí ọgọ́ta, ó sì tẹ́ rọ́bà nípọn sábẹ́ wúfà. Àwọn sípíkà kéékèèké kò lè gbé ẹrù tó já lé wọn lórí. Ìbọn inú fíìmù wá ń dún bí ẹ̀pà tó ń já sínú àwo. Gafar fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: gígún àjà di ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ìrọ̀lẹ́ kan.

"Daddy Amirah," Medinat wí, "tí wọ́n bá lé wa torí wúfà, ẹ̀yin nìkan lẹ máa padà sí pálọ̀ Auntie o."

Gafar sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Láti ojú fèrèsé, ó rí ìyá náà níwájú tẹlifíṣàn. Àwòrán ń lọ, kò sí ohùn kankan tó ń jáde. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Ẹni tó pa ohùn tẹlifíṣàn ara rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ gba ti ẹlòmíì?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó yọ wáyà wúfà kúrò lára iná pátápátá. Gígún ti ọjọ́ náà ló pọ̀ jù.

"Mo ti pa á!" Gafar kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo mọ́lẹ̀. "Mo ti pa á, ma! Kí lẹ tún ń gbọ́?"

Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ́lá pè é. "Gafar, lẹ́tà ti dé. Mo ń bọ̀."

Kó tó dé, wúfà ti wà nínú páálí rẹ̀. Medinat ń kó aṣọ Amirah sínú àpò. Onílé wọlé, kò jókòó.

"Ẹ dákun, Daddy, ṣọ́ọ̀bù ni mo ń dá a padà sí. A ò ní lò ó mọ́ láé."

"Láti ìgbà tí mo ti ní ilé yìí, mi ò tíì gba irú lẹ́tà báyìí rí," Ọ̀gbẹ́ni Adébọ́lá wí, ó na bébà náà sí i. "Kà á fúnra ẹ."

"Ọ̀gbẹ́ni Adébọ́lá," Margaret kọ ọ́, "ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí etí mi di pátápátá, n kò sì tún mọ bí orin ṣe ń rí mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará òkè yín kó dé, tí ògiri mi ń lù kì-kì-kì mọ́ mi láyà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dín in kù, mo sì ti fi igi ìgbálẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí apá fi ń ro mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."