Ọjọ́rú Tí Límátù Gbé Àáró Sí

Ohun tó ba ayé Límátù jẹ́ ni gbígba àhesọ gbọ́. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kì í wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti sọ ní gáréèjì Ore, òótọ́ ni lójú tirẹ̀. Èmi Oyèlọlá mọ̀ ọ́n dáadáa. Oko wa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní Araromi-Obu, a sì jọ ń ṣe àáró ni: lónìí a fọ́ kòkó tèmi, lọ́jọ́ mìíràn a fọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Hafeezah ọmọ rẹ̀ mú ìwé dé láti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní Ọjọ́rú láti fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá nìkan ló wà fún, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù kí Hafeezah pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà bó ti ń ṣàlàyé. Límátù rún ìwé náà mọ́ ọwọ́, ó ní wọ́n ti sọ ní gáréèjì pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ.

Sátidé ni àáró kàn án. Ó gbé e sí Ọjọ́rú, ó ní ká kó gbogbo ọmọbìnrin wa wá. A mọ̀ pé kí àwọn nọ́ọ̀sì má bàa bá wọn nílé ẹ̀kọ́ ló ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà mú Toyibat ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ, ojú sì ń tì mí títí dòní. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá dún lójú ọ̀nà ni Hafeezah ń gbójú sókè, bóyá nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀.

Àṣé Límátù fúnra rẹ̀ ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń fi í pamọ́, ó ní iṣẹ́ oko ló fà á. Kò pé oṣù méjì sí ọjọ́ àáró yẹn, kò lè jókòó mọ́. Èmi àti Hafeezah la gbé e lọ sí ọsibítù. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni, ó sì ti tàn kálẹ̀. Dókítà ní HPV yìí kan náà ló fà á.

Límátù di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi tèmi sílẹ̀. Ẹ bá mi fún Hafeezah ní abẹ́rẹ́ yẹn.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

Hafeezah ló sọ ọ́: “Mo ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù tó kọjá, mà.”

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ṣì lè ṣe é láǹfààní, àmọ́ ti ọ̀fẹ́ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi kí wọ́n rà á. Owó kòkó ọdún yẹn sì ti bá ìtọ́jú lọ tán.

“Ìyá mi,” Hafeezah béèrè, “ṣé èyí tó ṣe yín yìí ò ní ṣe mí?”

Límátù kọjú sí ògiri. A sin ín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì padà wá, èmi fúnra mi ni mo fa Toyibat lọ́wọ́ dé iwájú wọn. Hafeezah dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Abẹ́rẹ́ yìí kì í wo jẹjẹrẹ sàn, ṣe ló ń dènà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ gbà á ní kékeré. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè, ẹ má bi gáréèjì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tí kò bá àsìkò mu pamọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n bá kọ́ yín, ẹ tún un sọ nílé, bí wọn ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́. Kòkó Límátù ì bá dúró de Sátidé, kò ní bàjẹ́.