Ìbọn Tí Kì í Há

Ìbọn ìléwọ́ tí owó rẹ̀ kò ga, tí kì í sì í há nígbà tí èèyàn bá fẹ́ yìn ín, ni Obed ń wá. Ó ti jẹ visa lottery Amẹ́ríkà. Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Keziah ìyàwó rẹ̀ yóò wọ bàálù lọ sí Houston, níbi tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń ta bàtà. Takisí ló ń wà ní Ìlú Ọba. Láti ìgbà tí Olympics ti bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé èrò lọ wo ìdíje ìbọn yínyìn ní Royal Artillery Barracks, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, nínú fúláàtì wọn ní Yarnton Way. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Obed kò tíì bọ́ sutana funfun rẹ̀, kò sì wọ bàtà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ́ sápò. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ì báà jáde, ì báà wà nílé. Fóònù Keziah wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni pásípọ́ọ̀tù ìyàwó rẹ̀ wà. Keziah ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyá ìjọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ìjọ ní kó máa gbàdúrà, pé ìfẹ́ ló ń da Obed láàmú. Láti ọjọ́ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù Houston ń bà á gidigidi. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ilẹ̀kùn yóò sì tún wà ní títì, pẹ̀lú ìbọn nínú ilé.

Ìyá Obed jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Mama, ó sì ti gba apá ọ̀tún, apá òsì nìkan ló kù. Keziah ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń fún un lóúnjẹ. Ìgbàkígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, Mama a dijú. Ó ti gbọ́ irú ìró yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé ọkọ tirẹ̀. Bọ́tìnì kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí àwọn council fún un, pé kó tẹ̀ ẹ́ bó bá ṣubú, kí àwọn tó ń gbọ́ èèyàn látinú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè rán ìrànlọ́wọ́ wá. Pupa ni bọ́tìnì náà, ìjọ wọn kì í sì í lo pupa, nítorí náà Obed ti ní kí wọ́n rán aṣọ funfun bò ó.

“Má jẹ́ kí Mama tẹ nǹkan yẹn mọ́ o,” ni Obed wí. “Last week, mo ń sùn jẹ́jẹ́ mi, obìnrin òyìnbó kan kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo látinú box yẹn: *Are you all right, my love?* Díẹ̀ ló kù kí n ya wèrè.”

“Kò ní pariwo mọ́,” ni Keziah dáhùn. Ó mú àkísà, ó nu eruku orí àpótí náà, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀ náà.

Obed ṣí laptop. “Wo eléyìí. Cheap ni, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó máa ń jam. Èyí kì í jam, owó ẹ̀ ló le. Na ọwọ́ ẹ, jẹ́ n wò ó. Ọwọ́ ẹ kéré.”

Keziah na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé ẹ mọ bí ẹ ṣe máa bá wọn sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù? Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kì í tètè gbọ́ English wa.”

“Kí ló ṣe English mi?”

“Ẹ jẹ́ ká fi dánra wò. Èmi ni salesman. Ẹ sọ ọ́ sókè dáadáa.”

Inú Obed dùn. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti bá a dá sí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà. Ó dìde, ó tún sutana ṣe, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí bó ṣe wọkọ̀ dé ìlú wọn.

“Ẹ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ná,” ni Keziah wí. “Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ sọ.”

Mama gbé ọwọ́ òsì sọ́rùn, ó di aṣọ funfun náà mú bí ẹni tó ń gbàdúrà.

“I want a pistol,” ni Obed wí. “Semi-automatic. Cheap, but it must not jam.”

Keziah bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Keziah bi í bóyá ọta yóò wà nínú rẹ̀. Ó ní ìgbà gbogbo.

“And if your wife wants to go out?”

Obed rẹ́rìn-ín. Salesman wo ló ń béèrè irú ìyẹn? Síbẹ̀, English ń dùn lẹ́nu rẹ̀. “Nobody goes out of this house,” ló wí. “The door is locked and the key is in my pocket.”

“English yín dáa,” ni Keziah wí. Ó wọ kíṣìnì lọ, ó gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún un.

Obed ń yọ egungun ẹja lẹ́nu nígbà tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin kan pè é ní Mr Ọlágúnjú. Ó ní ọlọ́pàá ni àwọn, pé kó ṣílẹ̀kùn, kó sì na ọwọ́ méjèèjì síta kí àwọn rí i.

“Ta lo pè?” Obed fọwọ́ kan àpò. Fóònù Keziah ṣì wà níbẹ̀.

“Mi ò pe ẹnikẹ́ni,” ni Keziah wí. Òótọ́ ló sọ.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Obed lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ihò ilẹ̀kùn. Ó jáde láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀.

Keziah kúnlẹ̀ níwájú Mama, ó rọra tú àwọn ìka òsì tó ti há mọ́ bọ́tìnì náà, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí, ó yí ohùn rẹ̀ sókè padà, obìnrin òyìnbó náà sì ń wí pé, “It's all right, my love, you can let go now, we heard everything.”