Ehoro Pọn Ọmọ Ọ̀bọ

Àlọ́ mi yìí kò rìn jìnnà, ẹ̀yìn Ehoro ló jókòó sí.

Ehoro kò tọ́mọ rí, síbẹ̀ òun ló ń kọ́ àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ó ní, "Ìyá Ọ̀bọ, ẹ̀yin lẹ ba ọmọ yìí jẹ́ tó fi ń ké. Ẹ gbé e wá, kí ẹ lọ pọnmi."

Ó pọ̀n ọ́n, ó gba ọ̀já. Bó bá ń sáré, ọmọ a sùn. Bó bá dúró, ọmọ a figbe ta. Ehoro fi orin bẹ̀ ẹ́, ọmọ ń gbè é:

Ọmọ Ọ̀bọ, jẹ́ n sinmi.
*Sáré, má dúró.*
Ẹsẹ̀ ń ro mí, ọrùn ń ro mí.
*Sáré, má dúró.*

Ìyá Ọ̀bọ ti odò dé. "Ṣé ó ti sùn?"

"Ó ti sùn. Ẹ má dá mi dúró, yóò jí."

Bó ṣe ń kọjá, Ìyá Ọ̀bọ tú ọ̀já, ó gba ọmọ rẹ̀. Ehoro kò wẹ̀yìn.

Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti bímọ tirẹ̀. Ehoro ṣì ń sáré. Àwọn ọdẹ rò pé àwọn ló ń sá fún.