Oríkì Níwájú Ẹ̀rọ Ara Ògiri

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, gbọ́ o: bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ọ́, má yanu níwájú ẹ̀rọ ara ògiri.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jáde nílé, ó ní láti ki oríkì sí ẹ̀rọ náà létí. Ẹ̀rọ á gbọ́ bí kòkòrò àrùn bá ti wọ ara, á gbọ́ bí ahọ́n bá ń wúwo, torí ẹ̀yìn ọ̀fìnkìn ayé ìsinsìnyí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì lọ́pọlọ, tí rọpárọsẹ̀ fi ń dé. Ọkọ̀ funfun á wá gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwádìí. Wọ́n gbé àbúrò Moradékẹ́ lọ lọ́dún èṣí. Kò tíì dé.

Láàárọ̀ yìí, Láoyè, ọkọ Moradékẹ́, sín. Moradékẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Baba Dúró, ẹ dákẹ́. Èmi ni n ó bá yín kì í.”

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ̀rọ ò mọ ohùn ọkùnrin ni?”

“Ó ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ní í ki ọkọ.”

Ó sún mọ́ ògiri, kò ka imú tirẹ̀ tó ti ń ṣomi láti alẹ́ àná sí. Oríkì tó ti ń fi jí ọkọ láti ìgbà ìyàwó ni.

“Láoyè, ọmọ agbórí-òkè... ọmọ agbó... agbó...”

Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Láoyè: ẹnu ìyàwó rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan.

Ẹ̀rọ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kì.”

Láoyè pariwo: “Ìyá Dúró, dá a lóhùn! Bí ọkọ̀ funfun ò bá tètè dé, ọwọ́ rẹ tó ti so rọ̀ yẹn á rọ pátápátá!”

Moradékẹ́ rántí àbúrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó ṣì lágbára bo ẹnu, ó mirí.