Yàrá Tí Oòrùn Kì Í Dé

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Nọ́ọ̀sì kò le lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan ti gbà láti gbé nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, níbi tí kò sí fèrèsé, kò sí aago, kò sí rédíò. Kí Nọ́ọ̀sì máa gbé oúnjẹ fún un, kí ó máa gba itọ́ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, kí ó sì máa wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò jẹ wọ́n lógún tó ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù. Wọ́n bi í bó ṣe ń sùn. Wọ́n bi í nípa ìgbà tí ebi máa ń pa á. Ó rò pé ẹni tí oorun kò ní gbé lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Dókítà Àgbà ló ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Aago kan wà nínú ọpọlọ," ló wí. "Kò tó hóró ìrẹsì. Òkè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé ló jókòó sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á ránṣẹ́ pé kí kẹ́míkà tó ń fa oorun máa ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ojú, á ní kó dáwọ́ dúró. A fẹ́ mọ ohun tí aago yẹn máa ṣe bí kò bá rí oòrùn mọ́."

"Èmi náà ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀yin náà ò ní jáde. Bí òórùn oòrùn bá wà lára aṣọ yín, ó lè fi mọ̀ pé ọ̀sán ni. Nígbà tí ebi bá ń pa yín ni kí ẹ gbé oúnjẹ fún un. Ẹ sì máa gba itọ́ tiyín náà, ká lè fi wé tirẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì obìnrin, tó gba ọmọ Nọ́ọ̀sì sọ́dọ̀, kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. "Òkú ni wọ́n ń gbé sábẹ́ ilẹ̀, àbúrò mi."

"Ẹ̀pà náà ń gbébẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, "ó sì ń so."

Lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, yàrá Nọ́ọ̀sì àti ti ọkùnrin náà fara kanra. Iná bàìbàì kan náà ló wà nínú méjèèjì, kò sí aago nínú ọ̀kankan. Ilẹ̀kùn kan ló là wọ́n láàárín, wọ́n dá ihò sí i lára nísàlẹ̀ fún àwo oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì sọ ọkùnrin náà ní Àlejò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àfi ìbéèrè kan tí kì í yẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Èmi ló yẹ kí n bi yín."

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba Nọ́ọ̀sì. Ó jí lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ yá gágá, ó gbé tíì àti búrẹ́dì lọ. Àlejò ń hanrun. Ó tún padà lọ, ó ṣì ń hanrun. Ìgbà tí oorun wá ń kun Nọ́ọ̀sì gan-an ló gbọ́ tí ọkùnrin náà ń súfèé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ó fi tẹlifóònù ara ògiri tẹ Dókítà Àgbà láago.

"Aago ọpọlọ ti ń yẹ̀ nìyẹn," ni dókítà wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. A ti ń retí ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì rí bàtà ọkùnrin náà láti inú ihò. Àlejò bẹ̀rẹ̀ gba àwo, ẹrẹ̀ tútù sì wà létí bàtà náà. Ẹrẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́! Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wò ó. Òun náà wo Nọ́ọ̀sì, ó sì rọra fà sẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, ọkàn Nọ́ọ̀sì kò lélẹ̀ mọ́. Kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Á jẹun tán, ebi á tún máa pa á. Á dùbúlẹ̀, á máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń lọ, tó ń lọ, tó wá pòórá níbi tí ògiri wà. Nígbà kan ó yọjú níhò, ibùsùn ṣófo. Ó tún yọjú, Àlejò jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Nọ́ọ̀sì gbé àga ti ilẹ̀kùn. Ó gbé tẹlifóònù, ó pe Dókítà Àgbà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ẹni yìí kì í ṣe ènìyàn. Àbí orí mi ló ti dàrú?"

"Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i. Ẹ ò tíì fi itọ́ yín ránṣẹ́ o."

Nígbà tó tún jí, ìhà kejì pa lọ́lọ́. Kò sí ìhanrun, kò sí ìsúfèé. Oúnjẹ tó gbé síhò kó tó sùn wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó pe Àlejò, ó pè é, ó pè é. Bí ọkùnrin náà bá ti kú ńkọ́? Ẹ̀rù bà á dé eegun, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni. Ó gbé àga kúrò, ó fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún un nítorí ìjàǹbá ṣí ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́nì kankan. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ilẹ̀kùn mìíràn wà, wọn kò tì í. Ó gun àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri, títí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán fi gbá a lójú bí ìgbátí. Ó gbọ́ ohùn Dókítà Àgbà nínú yàrá kan tó ṣí sílẹ̀. Ó sáré wọlé.

"Mà! Àlejò ti sá lọ!"

Dókítà Àgbà yíjú padà, ọkùnrin tó jókòó tì í nínú ẹ̀wù funfun àwọn dókítà náà yíjú padà, Àlejò ni, àti lẹ́yìn àwọn méjèèjì, nínú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ibùsùn Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti Àlejò, ìbora tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lára wà lórí rẹ̀.